Venice lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú ọmọ kékeré àti màmá tí orúnkún ń dùn

Ẹ kú ìmúra o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè bóyá ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún tó wọ̀ sí Padova, ìlú kan nítòsí Venice ní Ítálì (tọkọtaya, ọmọ ọdún 8, ọmọ ọdún 3 àti màmá tí orúnkún ń dùn), lè lọ Venice ní Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún kí wọ́n sì padà lálẹ́. Ẹ lè lọ. Àmọ́ orúnkún màmá ni kẹ́ ẹ fi ṣètò ọjọ́ yẹn, ẹ má fi fọ́tò tẹ́ ẹ rí lórí fóònù ṣètò ẹ̀. Afárá tó wà ní Venice lé ní 400, àtẹ̀gùn ló sì wà lórí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ẹ̀ ń gùn, ẹ̀ ń sọ̀. Máàpù á ní ìrìn bí ìdajì wákàtí ni láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin dé San Marco, gbàgede tó lókìkí jù níbẹ̀. Kò ní bá yín ka àtẹ̀gùn.

Nítorí àtẹ̀gùn yìí náà, ẹ fi kẹ̀kẹ́ ọmọ sílẹ̀ ní Padova. Èèyàn méjì ló máa ń gbé e kọjá afárá kan, tó bá máa fi di afárá karùn-ún, ìjà ti dé. Ọ̀já ni kẹ́ ẹ mú dání. Ọmọ ọdún 3 á rìn díẹ̀, oorun á gbé e, ẹ ó pọ̀n ọ́n. Àwọn èèyàn á máa wò yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò.

Owó tó máa ń bá àlejò lójijì ni owó ìwọ̀lú. Láti 2024 ni ìjọba ìlú náà ti ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá wá láàárọ̀ tó ń lọ lálẹ́, ní àwọn ọjọ́ kan láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Keje. Fráìdé sí Sọ́ńdè ló pọ̀ jù nínú wọn. Agogo 8:30 àárọ̀ sí agogo 4 ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi ń gbà á. Ẹni tó bá tètè san án, yúrò 5. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tó ku bí ọjọ́ mẹ́ta, yúrò 10. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kì í san, àmọ́ ọjọ́ orí màmá ò yọ òun. Àgbàlagbà mẹ́ta, yúrò 15 nìyẹn tẹ́ ẹ bá tètè ṣe é, 30 tẹ́ ẹ bá pẹ́. Orí cda.ve.it lẹ ti máa rí ọjọ́ tó kàn, ibẹ̀ náà lẹ ti máa sanwó gba kóòdù QR. Ẹ fi pamọ́ sínú fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ìtanràn ẹni tí kò bá ní i bẹ̀rẹ̀ láti yúrò 50, ó sì lè dé 300. Ohun tó ń da àwọn èèyàn rú ni pé ẹni tó bá sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Mestre kì í san, torí abẹ́ ìlú Venice ni Mestre wà, kóòdù ìdásílẹ̀ ló máa gbà. Padova ò sí lábẹ́ ẹ̀. Ẹ̀yin máa san.

Ọkọ̀ ojú irin: tíkẹ́ẹ̀tì Regionale tàbí Regionale Veloce, ọkọ̀ agbègbè, ni kẹ́ ẹ rà, bí yúrò 5 ni fún àgbàlagbà, ìrìn nǹkan bí ìdajì wákàtí ni ti Veloce, ti Regionale lásán pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí kò tíì pé 4 ò san, ọmọ ọdún 8 á san ìdajì. Tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì bébà, ẹ ti ẹnu ẹ̀ bọ ẹ̀rọ kékeré tó ń lu òǹtẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá déètì àti aago ti hàn lára ẹ̀ lóòótọ́. Tí tàdáwà ẹ̀rọ náà bá ti gbẹ, ẹ lọ sí òmíràn. Tó bá jẹ́ ti fóònù, ẹ tẹ check-in kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò lu òǹtẹ̀, bákan náà ló rí lójú ayẹ̀wéwò pẹ̀lú ẹni tí kò rà rárá. Ẹ má sì sọ̀ ní Venezia Mestre, orúkọ ẹ̀ tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ẹ jókòó títí ọkọ̀ á fi gba orí omi kọjá, tó máa dúró pátápátá ní Venezia Santa Lucia.

Tẹ́ ẹ bá ti jáde, omi rèé níwájú yín. Vaporetto, ọkọ̀ ojú omi tí gbogbo ìlú ń wọ̀ bí a ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì, ni ẹsẹ̀ màmá. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan jẹ́ yúrò 9.50, ó wà fún ìṣẹ́jú 75, kò sì ṣeé fi padà sẹ́yìn. Ti wákàtí 24 jẹ́ yúrò 25. Ẹ ṣírò ẹ̀: lílọ àti bíbọ̀ nìkan, 19, ẹ̀ẹ̀mẹta, 28.50. Nítorí náà, ẹ ra ti wákàtí 24 fún màmá àti ẹni tó máa wà pẹ̀lú ẹ̀, kí wọ́n lè máa wọkọ̀ nígbàkigbà tó bá rẹ wọ́n. Àwọn tó kù lè ra ẹyọ méjì. Ọmọ tí kò tíì pé 6 ò san. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọkọ̀ lẹ máa fi tíkẹ́ẹ̀tì kan ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu èbúté, kódà tẹ́ ẹ bá ti fi kàn án láàárọ̀.

Láìnì 1 ni kẹ́ ẹ wọ̀, apá ibi tó ń lọ Lido. Ó ń rọra lọ, ó ń yà síbi púpọ̀, bí ìṣẹ́jú 45 kó tó dé San Marco, gbogbo ilé ńláńlá etí Canal Grande, ojú omi ńlá tó la àárín ìlú kọjá, lẹ ó ti fi ìjókòó wò. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Piazzale Roma ló ti ń gbéra, ó sì ti máa ń kún kó tó kan Ferrovia, èbúté tó wà níwájú ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ẹni tó ní tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí 24 lè kọ́kọ́ wọ èyí tó ń lọ Piazzale Roma, ìdúró kan péré, kó sọ̀, kó wá fara balẹ̀ wọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra. Màmá á rí ibi jókòó sí.

Ẹ ṣọ́ ọmọ ọdún 3 o. Ọ̀pọ̀ etí omi ni kò ní irin ìdènà kankan. Èyí tó burú jù ni àwọn àtẹ̀gùn òkúta tó sọ̀kalẹ̀ lọ sínú omi: tòkè gbẹ, èyí tó tẹ̀ lé e tutù, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ní ewédò tó ń yọ̀ bí ilá. Ibẹ̀ gan-an lọmọdé máa ń fẹ́ lọ tọwọ́ bọ omi.

Ní San Marco, ẹ bo èjìká àti orúnkún kẹ́ ẹ tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ sì ti gba àkókò sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Palazzo Ducale, ààfin àwọn olórí ìlú láyé àtijọ́, dára, àmọ́ àtẹ̀gùn pọ̀ nínú ẹ̀. Ilé agogo tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo máa yàn fún màmá: ó ga tó bíi mítà 98, lífìtì ló ń gbéni dókè. (Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ wó lulẹ̀ ní 1902, wọ́n parí àtúnkọ́ ẹ̀ ní 1912.) Ẹ fi Murano àti Burano, àwọn erékùṣù tó wà nítòsí, sílẹ̀ lọ́jọ́ yìí. Gondola, ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, ńkọ́? Yúrò 90 ni iye tí ìjọba fọwọ́ sí fún ìdajì wákàtí lọ́sàn-án, 110 láti agogo 7 alẹ́, odindi ọkọ̀ ni, kì í ṣe orí kọ̀ọ̀kan. Ẹni márùn-ún ló ń gbà, iye yín gan-an.

Oúnjẹ: ẹ má jókòó sórí àtẹ̀gùn Piazza San Marco jẹun, ìtanràn wà níbẹ̀. Ẹ má sì fún ẹyẹlé lóúnjẹ. Ẹ ra tramezzino, búrẹ́dì funfun onígun mẹ́ta tí inú ẹ̀ wú bí ikùn ọmọ tó yó. Ti ẹja àti ẹyin ni tonno e uova, prosciutto ni ẹlẹ́dẹ̀. Ìdúró jẹ ẹ́ níwájú káńtà dínwó ju ìjókòó lọ. Nílé oúnjẹ, tẹ́ ẹ bá rí all'etto lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ẹja, gíráàmù 100 ni wọ́n ń sọ. Ẹja tí wọ́n kọ 8 sí, tó bá wọn gíráàmù 600, yúrò 48 ni. Ẹ béèrè ìwọ̀n ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kaná. Coperto, owó ìjókòó orí kọ̀ọ̀kan, á tún wà lórí ẹ̀. Omi ẹ̀rọ tó ń dà ní gbàgede jẹ́ mímu, ẹ gbé ìgò òfìfo dání. Ilé ìtọ̀ tó jẹ́ ti ìlú ń gba yúrò 1.50, ẹ ní owó wẹ́wẹ́ lọ́wọ́.

Bíbọ̀: lágogo 5, ojú ọ̀nà afárá Rialto á ti há. Ẹ lọ sí èbúté San Zaccaria, ẹ wọ láìnì 2 tó ń gba erékùṣù Giudecca lọ sí Piazzale Roma àti Ferrovia. Èrò ibẹ̀ kì í pọ̀ tó ti Canal Grande.

Lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ máa lọ, ẹ wá ọ̀rọ̀ náà sciopero lórí ìkànnì ọkọ̀ ojú irin, ìyanṣẹ́lódì ni. Wákàtí tí wọ́n ṣèlérí pé ọkọ̀ Regionale máa ṣiṣẹ́, 6 sí 9 àárọ̀ àti 6 sí 9 alẹ́, ọjọ́ iṣẹ́ ló wà fún. Tí ìyanṣẹ́lódì bá bọ́ sí Sátidé yín, ẹ sún ìrìn àjò náà sí Túsìdeè. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má tiẹ̀ san owó ìwọ̀lú lọ́jọ́ yẹn.