Ríìdì kéènì àbí ríìdì ike: ohùn dróònù fèrè alápò Scotland

Ẹ béèrè bóyá kí ẹ yọ ríìdì kéènì (ohun kékeré tí èémí ń mú gbọ̀n kó lè dún) inú dróònù yín (ọ̀pá mẹ́ta tó ń dún ohùn kan ṣoṣo láìdúró lára fèrè), kí ẹ fi ti ike rọ́pò wọn, àti ìdí tí béèsì yín (dróònù tó gùn jù, tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ jù) fi ń bú ramúramù nígbàkigbà tí ẹ bá gbá àpò láti bẹ̀rẹ̀ fèrè. Ẹ má tíì ná owó kankan. Ọ̀pọ̀ ìyàtọ̀ tí etí ń gbọ́ láàárín ríìdì kan àti òmíràn, pé wọn kò tò wọ́n dọ́gba ló fà á. Ẹ tò wọ́n ná, ẹ ó wá mọ èyí tí ohùn rẹ̀ dùn.

Ríìdì ṣáńtà (ọ̀pá tí ẹ ń fi ìka fun orin lórí rẹ̀) ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń pàṣẹ èémí tí dróònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò máa jẹ. Ẹ wá ọ̀pá rọ́bà tó mọ́ gaara, ẹ tẹ̀ ẹ́ bíi lẹ́tà U, ẹ bu omi sí i dé ìdajì, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan sí ojúhò dróònù kan lára àpò, kó má jò. Bí ẹ bá ti ń fun fèrè, omi apá kan á lọ sílẹ̀, ti apá kejì á gòkè. Àlàfo àárín méjèèjì ni agbára èémí yín. Ríìdì ṣáńtà tó wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì sábà máa ń gbà tó ínǹṣì 26 sí 32. Bí èémí yín kò bá lè dúró lójú kan fún ìṣẹ́jú 20, ríìdì yẹn le jù fún yín, kò sì sí dróònù tí yóò dún ire lórí èémí tó ń gbọ̀n.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ ṣáńtà, ẹ fi kọ́ọ̀kì dí ojúhò rẹ̀. Ẹ dí dróònù méjì pẹ̀lú, kó ku ẹyọ kan tó ń dún. Ẹ máa fi kún èémí díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dákẹ́. Ibi tó dára kó ti dákẹ́ ni ínǹṣì 2 sí 4 lókè èémí tí ẹ fi ń fun A òkè (ohùn tó ga jù lórí ṣáńtà). Bí kò bá dákẹ́ rárá, ahọ́n ríìdì rẹ̀ (awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbọ̀n) là jù, ó ń jẹ èémí yín lásán. Ẹ ti òrùka tó di ahọ́n náà mú lọ sí ọ̀nà ẹnu rẹ̀ tó ń là. Bó bá tètè dákẹ́, ẹ fà á padà sẹ́yìn. Kí ó má tó mìlímítà 1 lẹ́ẹ̀kan o! Òrùka tó lọ síwájú á mú kí ahọ́n kúrú, ohùn á ròkè. Èyí tó padà sẹ́yìn á mú ohùn wálẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ kan òrùka, ẹ ní láti tún ohùn tò.

Lóde òní, A ìsàlẹ̀ ṣáńtà sábà máa ń wà láàárín 475 sí 483 Hz. Bó bá jẹ́ 480, tẹ́nọ̀ méjèèjì (dróònù kúkúrú) á wà ní 240, béèsì á wà ní 120. Ẹ wo ibi tí apá òkè tẹ́nọ̀ dúró sí nígbà tí ohùn bá bára mu: àlàfo bíi mìlímítà 15 sí 20 lókè èjìká apá ìsàlẹ̀ ló dára. Bó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lórí èjìká yẹn, ohùn ríìdì ti rẹlẹ̀ jù. Ẹ ti ríìdì wọlé sí i, tàbí kí ẹ yí ìdérí ìdí ríìdì ike wọlé. Bó bá ga débi pé ó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí òwú onída tí wọ́n wé mọ́ apá ìsàlẹ̀, ìdàkejì ni kí ẹ ṣe.

Nígbà yìí ni ẹ lè sọ̀rọ̀ ohùn. Pòròpòrò Arundo donax, tó jọ eèsún, ni kéènì. Ara rẹ̀ náà ni wọ́n ti gé ahọ́n rẹ̀. Ohùn rẹ̀ jìn, ó kì, ó ń dún gbìn-ìn lábẹ́ ṣáńtà láìbò ó. Ti ike mú, ó ń han, pàápàá àwọn tí ahọ́n wọn jẹ́ carbon fibre bíi ti ilé-iṣẹ́ Canning. Ezeedrone, ríìdì ike mìíràn, náà ní agbára, kò sì ní wàhálà. Àmọ́ dróònù fún ṣáńtà dà bí omele fún ìyáàlù: bí kò bá dúró lójú kan, ohun tí ṣáńtà ń sọ kò ní yéni. Ibí yìí ni ike ti lékè. Kéènì máa ń fa ọ̀rinrin èémí mu, ahọ́n rẹ̀ á wúwo, ohùn á máa sọ̀ kalẹ̀; ó tó ìṣẹ́jú 10 sí 15 kó tó fara balẹ̀. Ike kì í mu omi, ṣùgbọ́n ìkán omi máa ń jókòó sábẹ́ ahọ́n, dróònù á sì dákẹ́ lójijì. Bébà mímọ́ ni kí ẹ kì bọ abẹ́ ahọ́n, kí ẹ fà á jáde. Ẹ má gbé ahọ́n sókè.

Ihò inú dróònù náà ń dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ju igi lọ. Igi dúdú Tanzania àti Mozambique ni ọ̀pọ̀ wọn, síbẹ̀ dróònù irú ti Henderson, oníṣẹ́ fèrè ní Glasgow, máa ń ké gbàǹgbà, irú ti MacDougall ti Aberfeldy sì máa ń rọ̀, ohùn mẹ́ta á di ọ̀kan. Ríìdì ike tó ń han nínú ti àkọ́kọ́ lè dùn gan-an nínú ti èkejì.

Bí ẹ bá fẹ́ fi wọ́n wéra, nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Béèsì ló sún mọ́ etí òsì yín jù, torí náà, ẹ ní kí ẹlòmíràn dúró ní mítà 4 níwájú yín kó gbọ́. Fóònù tó ń tún agbára ohùn ṣe fúnra rẹ̀ kò ní sọ òótọ́.

Lójú tèmi, ike fún béèsì, kéènì fún tẹ́nọ̀ méjèèjì, bí ẹ bá ń dá fun fèrè nínú ilé. Fún ẹgbẹ́ tó ń yan nínú òjò àti oòrùn, ike ni kí gbogbo wọn jẹ́.

Ní ti béèsì tó ń bú, ahọ́n rẹ̀ gùn jù tàbí kó ti rọ̀. Ẹ ti òrùka síwájú díẹ̀, kí ẹ tún wọn ibi tó ti ń dákẹ́. Bó bá ti wá ń pa dé tán lẹ́yìn èyí, tó sì jẹ́ kéènì, ẹ fi ẹyọ irun orí kan sábẹ́ ahọ́n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùka, kó lè gbé e sókè díẹ̀.