Máàpù wáyà abẹ́ òkun nìkan kò tó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi ni mò ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan n'Ìbàdàn. Ọ̀gá wa ní kí n wá máàpù bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà àti ti orílẹ̀-èdè Benin ṣe so kọ́ra. Máàpù wáyà abẹ́ òkun ti TeleGeography ni mo rí. Ṣé ìyẹn náà nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Ọ̀nà ni wáyà. Ẹni tó gbà láti bá ẹlòmíì gbé ẹrù, ìyẹn dátà, gba ọ̀nà ọ̀hún, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni. Máàpù yẹn wúlò ní tiẹ̀. Ẹ tẹ Èkó lórí rẹ̀, ẹ ó rí SAT-3, MainOne, Glo-1, WACS àti Equiano. Àmọ́ ẹ má fi rúlà wọn ìlà rẹ̀, torí kó lè dùn ún wò ni wọ́n ṣe yà á bẹ́ẹ̀.

PeeringDB ni kẹ́ ẹ lọ, ìkànnì tí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń kọ ibi tí wọ́n ti so kọ́ra sí. Ẹ wá IXPN Lagos, ìyẹn ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti ń ṣe pàṣípààrọ̀ l'Ékòó láti 2006. Ẹ ó rí orúkọ wọn, nọ́ńbà AS wọn (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì), bí ihò (port) tí wọ́n fi wọlé ṣe tóbi tó, 1G tàbí 10G, àti ìlànà wọn lórí ẹni tí wọ́n ń bá ṣe pàṣípààrọ̀. Tí wọ́n bá kọ "Open", ẹnikẹ́ni ni wọ́n ń bá ṣe. (Àwọn fúnra wọn ló ń kọ ọ́ síbẹ̀, nítorí náà ẹ ó bá èyí tó ti pẹ́ tí wọn ò tún un ṣe.) Ẹ ṣí ti BENIN-IX, irú ibi pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Kútọnù, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà AS tó wà nínú méjèèjì. Ibẹ̀ ni ìdáhùn tí ọ̀gá yín ń wá wà jù.

Ẹ wá gbé nọ́ńbà AS tiyín sínú ìkànnì bgp.he.net. Yóò ya àwòrán àwọn tẹ́ ẹ ń gba ọ̀dọ̀ wọn jáde sí ayé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdéhùn tí kò hàn ní gbangba kì í sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe traceroute (àṣẹ tó ń fi ibi tí dátà ń gbà kọjá àti àkókò tó ń gbà hàn) sí sáfà kan tẹ́ ẹ mọ̀ pé Kútọnù ló wà lóòótọ́. Bí àkókò bá wà ní mílísẹ́kọ́ọ̀nù díẹ̀, tó wá fò lọ sí bí 100 lójijì, ẹrù yín ti dé Yúróòpù kó tó padà sí Kútọnù. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ẹ kọ̀wé sí WACREN l'Accra náà, torí àwọn ló ń so nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-ẹ̀kọ́ gíga agbègbè wa pọ̀. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá sì yà fún ọ̀gá yín, ẹ kọ déètì sí i lára.