Má tíì fọwọ́ kan ògiri yẹn, àbúrò

Àbúrò, mo ka ohun tí o kọ lẹ́ẹ̀mejì. O ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá ńlá yín kọ́ sí Àjàṣẹ́, Porto-Novo ti Benin níbí, ti ń sán, pé ẹ̀yin ọmọ fẹ́ wó ògiri ìsàlẹ̀ tó kọjú sí títì, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta síbẹ̀. O ní ẹnì kan sọ fún yín pé kí ẹ ṣe é lásìkò ọdún nígbà tí ọ́fíìsì bá tì, pé bí iṣẹ́ bá ti parí, kò sóhun tí ìjọba lè ṣe mọ́. O wá ń béèrè bóyá òótọ́ ni.

Irọ́ ni. Mo mọ̀, torí wọ́n gba èmi náà nírú ìmọ̀ràn yẹn rí, mo sì tẹ̀ lé e.

Ilé tiwa kò jìnnà sí Mọ́ṣáláṣí Ńlá. Bàbá bàbá mi kì í ṣe Àgùdà o, ìyẹn ìdílé àwọn tó ti Brazil padà dé; Nàgó ni, Yorùbá ìhín, aṣọ ló ń tà. Àmọ́ láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá rí ṣe ní Àjàṣẹ́, irú ilé tí àwọn tó ti Brazil dé ń kọ́ ni òun náà máa fẹ́ kọ́: òkè kan, fèrèsé onígi gígùn, òdòdó tí wọ́n fọwọ́ mọ sórí fèrèsé, àgbàlá láàárín. Mọ́ṣáláṣí tí àwọn Àgùdà wa bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní 1912 pàápàá, àlejò tó bá kọ́kọ́ rí i á ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Amọ̀ pupa ni wọ́n fi mọ ilé bàbá ńlá mi, ògiri rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè sùn sórí ojú fèrèsé. A sì máa ń sùn síbẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá 2015, ilé ń jò, owó páánù ò sí. Èmi àti àwọn ọmọ bàbá mi méjì ní ká kọ́ ṣọ́ọ̀bù méjì síwájú, kí owó ilé máa ra páánù. Bíríkìlà tí a pè, ọmọ dáadáa ni, ó ti kọ́ ilé púpọ̀ ní apá Wàńdó, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù nìkan ló mọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun alẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi òpó gbé òkè ró, wọ́n ń já ògiri nísàlẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó mọ́, òdòdó tó wà lórí fèrèsé àárín já lulẹ̀, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ìyá àgbà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn jáde, ó ṣa ẹyọ kan, ó fi ìró rẹ̀ nù ún, ó mú un wọlé. Kò bá wa sọ̀rọ̀ títí ọ̀sẹ̀ fi parí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun zém, ọ̀kadà ìhín, dé, ó dúró lódìkejì títì, ó ya fọ́tò, ó bá tiẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára búlọ́ọ̀kù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tò pé kí iṣẹ́ dúró. Lẹ́tà ìpè láti ọ̀dọ̀ ìjọba tẹ̀ lé e.

Ọ̀kan nínú wa ní ká wá nǹkan fún wọn mu. Mo bẹ̀ ọ́, má gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Fọ́tò ti wà lórí fóònù ẹni tí o kò mọ̀. Bí o bá san owó fún ẹni tó wà lórí àga lónìí, ẹni tó máa jókòó síbẹ̀ lọ́la kò jẹ ọ́ ní gbèsè kankan, ilé yín á sì wà níbẹ̀ lójú títì tí yóò máa jẹ́rìí.

Nígbà tí a dé iwájú wọn, wọ́n bi wá pé permis, ìwé àṣẹ ìkọ́lé, dà. Kò sí. Wọ́n ní ta ló fọwọ́ sí i nínú ẹbí. Àwa mẹ́ta, nínú ọmọ mọ́kànlá. Wọ́n wá ní kí a sọ bí iwájú ilé náà ṣe rí ká tó wó o, torí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni a máa dá a padà sí. Ibẹ̀ ni ẹnu wa ti wọhò. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò. Ta ní ń ya ògiri bàbá rẹ̀ ní fọ́tò?

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó jókòó kọ́ òfin tó yẹ kí n ti mọ̀. Ọ̀nà méjì ló wà, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń pò wọ́n pọ̀. Ìkíní ni permis de construire, tí mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, ń fúnni. Gbogbo ilé ló kàn, ìbáà jẹ́ ti àtijọ́, ìbáà jẹ́ tàná. Ìkejì ni òfin ohun àjogúnbá. Òfin 2007-20 ti oṣù Kẹjọ 2007 ni wọ́n ń lò nígbà tiwa, òmíràn sì ti jáde ní 2021. Lábẹ́ òfin yìí, ilé lè jẹ́ inscrit, ìyẹn ni pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ojú lè wà lára rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ classé, èyí tó le jù: o kò gbọ́dọ̀ wó o, o kò gbọ́dọ̀ yí i padà, o kò gbọ́dọ̀ tún un ṣe láìjẹ́ pé àwọn tó ń mójú tó àṣà fọwọ́ sí i. Ìkan kò dúró fún èkejì. Bí o bá mú permis lọ́wọ́, tí ilé yín sì jẹ́ classé, o ṣì ní ibòmíràn láti lọ. Bí ilé yín kò bá sì jẹ́ inscrit tàbí classé, permis ṣì di dandan fún ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Nítorí náà, ohun tó kọ́kọ́ yẹ kí ẹ mọ̀ ni ibi tí ilé yín wà nínú ìwé wọn. Ìbéèrè lásán ni, a kì í fi í mú èèyàn.

Ní ti ọ̀rọ̀ pé iṣẹ́ tó ti parí ti parí: ọmọ mi obìnrin tó wà ní London ni mo kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ wa ṣe àwàdà fún, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ní England tí òun wà, ilé lásán tí wọ́n kọ́ láìgbàṣẹ, bó bá ti lé ní ọdún 10 tẹ́nìkan ò sọ̀rọ̀, ó ti bọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ bí ilé àtijọ́, kò lọ́jọ́ tó máa bọ́. Ẹni tó rà á lẹ́yìn ogún ọdún ni wọ́n máa kọ̀wé sí pé kó dá fèrèsé tí onílé àná yọ padà, ẹni tó yọ ọ́ gan-an sì lè fojú ba ilé ẹjọ́. Òfin tiwọn kọ́ là ń lò ní Àjàṣẹ́ o. Mo kàn ń sọ ọ́ kí o lè mọ̀ pé ẹni tó fún yín nímọ̀ràn yẹn, orí ara rẹ̀ ló ti mú un jáde.

Wàyí o, ohun tó dùn mí jù kì í ṣe ọ̀dà pupa. Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí a dá tí ẹnikẹ́ni kò fi ìwé pè wá fún. Ọdún méjì ṣáájú, a ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri ẹ̀gbẹ́, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó ń dán, inú wa ń dùn. Ìgbà tí àgbà bíríkìlà kan láti Àjàrá wá wo ilé náà, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Ó fi eegun ìka kan ògiri náà, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ́tí. Níbì kan, ó ń dún kò-kò-kò bí akèrègbè òfìfo. Ó ti ìdí ọ̀bẹ bọ ibi tó sán, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Sìmẹ́ǹtì tó fẹ̀ tó àtẹ ìyá olóúnjẹ já, amọ̀ sì bá a já. Inú rẹ̀ tutù bí ìdí ìkòkò omi.

Àlàyé rẹ̀ rèé. Ògiri amọ̀ máa ń fa omi láti ilẹ̀, òjò sì ń rọ̀ sí i. Ohun tí wọ́n fi ń rẹ́ ẹ láyé àtijọ́, amọ̀ àti ẹfun tí wọ́n jó, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí chaux, máa ń jẹ́ kí omi náà gbẹ jáde. Ògiri ń mí. Sìmẹ́ǹtì dí i nímú. Omi tí kò rọ́nà jáde á máa gòkè nínú ògiri, á sọ amọ̀ di ẹrẹ̀, ìwọ á sì máa wo ìta tó ń dán. Ìkan náà ni ti òpó kankéré tí wọ́n ń kì bọ ògiri amọ̀: wọn kì í jùmọ̀ rìn, ibi tí wọ́n ti pàdé ló máa ń sán. Ìyẹn ni pé búlọ́ọ̀kù tí ẹ fẹ́ tò sábẹ́ òkè amọ̀ yẹn kò ní gbà yín lọ́wọ́ sísán tí ẹ ń sá fún. Ògiri tiwa lanu, aláǹgbá sì wọ̀ ọ́. Òwe kọ́ ni mo ń pa.

Fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ti 1987, ló yọ wá. Gbogbo ẹbí tò síwájú ilé, òdòdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn lókè orí wọn. Àfi ẹyọ kan: gèlè ìyàwó bo ìdajì òdòdó àárín, ìyẹn gan-an tó fọ́! Ìdajì tó hàn ni àgbà yẹn yí padà láti mọ ìdajì kejì. Ìyá àgbà wá mú èyí tó ṣa jáde, ó gbé e lé tábìlì láìwí nǹkan kan. Ó bá a mu.

Ó ná wa ní owó. Búlọ́ọ̀kù tí a fi owó wa tò, owó wa náà la fi wó o. Amọ̀ pupa tí wọ́n gé koríko gbígbẹ sí ni wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ nínú àgbàlá, wọ́n á fi í sílẹ̀ rin, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n tó máa fi mọ ògiri níwọ̀nba níwọ̀nba. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta bí ti búlọ́ọ̀kù. Èmi kì í sì ṣe ẹni tó máa yin ìjọba fún ọ. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ní kí o dúró, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fún wa ní ẹyọ páánù kan. Àwọn àdúgbò àtijọ́ wa ti wà lórí àkọsílẹ̀ tí orílẹ̀-èdè Benin fi ránṣẹ́ sí UNESCO láti 1996. UNESCO kò bá wa dí ihò òrùlé. Ìbínú rẹ yé mi. Ó kàn jẹ́ pé ìbínú kò ní kí ògiri má wó.

Nítorí náà, kó o tó pe bíríkìlà kankan, ya fọ́tò gbogbo ojú ilé náà, nínú àti lóde, kí o sì gbé téèpù lé fèrèsé kọ̀ọ̀kan, kí o kọ ọ́ sílẹ̀. Pe ẹbí jọ, àwọn tó wà ní Cotonou àti Èkó náà, kí wọ́n fọwọ́ síwèé. Ìjà àwọn ọmọ bàbá máa ń le ju ti mérì lọ. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin méjì tí ẹbí yàn lọ béèrè ní mérì. Ẹ béèrè fún ṣọ́ọ̀bù náà gan-an. Wọ́n gbà fún wa níkẹyìn pé ká fi ilẹ̀kùn onígi méjì tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣe ojú ṣọ́ọ̀bù, láìwó nǹkan kan. Ìyàwó àbúrò mi ń ta aṣọ nínú ọ̀kan báyìí. A kò ronú kan ìyẹn rárá nígbà tí a ń sáré. Tí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ amọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní École du Patrimoine Africain, ilé ẹ̀kọ́ nípa ohun àjogúnbá. Àjàṣẹ́ níbí náà ló wà, ọ̀kan nínú wọn ló júwe àgbà Àjàrá yẹn fún wa.

Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ti kan ògiri náà kí o tó ka èyí, ẹ jẹ́ kó dúró níbi tó dé. Ẹ fi òpó gbé òkè ró, ẹ fi tapólì bo orí ògiri tó ṣí sílẹ̀ kí òjò oṣù Kẹrin tó dé, kí ẹ sì fúnra yín lọ sọ ọ́ kí wọ́n tó wá yín wá. Kí o béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá yín pẹ̀lú, ta ló ṣègbéyàwó níwájú ilé yẹn.