Ẹyọ inú àjà: ẹ má san owó àyẹ̀wò fún ẹnikẹ́ni

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Nígbà tá à ń tún àjà ilé bàbá wa àgbà ṣe ní Ìsàlẹ̀ Afọ́n, Ògbómọ̀ṣọ́, a bá àpò kan tó kún fún ẹyọ. Ọkùnrin kan tó ní òun ń ta nǹkan àtijọ́ sọ pé kì í ṣe owó, pé pàṣípààrọ̀ ni àwọn baba wa ń ṣe kí òyìnbó tó dé. Ó ní ẹyọ inú odò tiwa ni, ètùtù ni wọ́n ń fi ṣe, àti pé àwọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù máa ra ẹyọ kan ní mílíọ̀nù méjì náírà. Ó ní ká kọ́kọ́ san owó àyẹ̀wò. Ṣé ká san án?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹni tó fẹ́ rajà ló ń mówó wá. Ẹni tó bá ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tajà, gbájúẹ̀ ni. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, àní ó dé láti ìdí ààfin níbí ní Ọ̀yọ́, inú sì ń bí mi, nítorí irọ́ kan náà ni wọ́n fi ń mú gbogbo yín.

Kì í ṣe gbájúẹ̀ nìkan ló ń pa irọ́ ọ̀hún. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa nílé ìwé pé iṣu fún iyọ̀, ewúrẹ́ fún aṣọ, ni gbogbo ọrọ̀ ajé baba wa títí òyìnbó fi gbé owó dé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Adam Smith, ará Scotland, ló gbé ìtàn náà kalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ní 1776, pé pàṣípààrọ̀ ló ṣáájú, kí owó tó dé. Ó rò ó ni, kò lọ wò ó. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ láti wádìí bí ọmọ aráyé ṣe ń gbé láwùjọ ti wá ìlú tó ń fi pàṣípààrọ̀ nìkan jẹun káàkiri ayé, a ò rí. Caroline Humphrey, ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa yìí, kọ ọ́ kedere ní 1985 pé kò sí àkọsílẹ̀ irú ìlú bẹ́ẹ̀ kankan. Ohun tá a bá níbi gbogbo ni àwìn, gbèsè, àti ọrẹ tó ń retí ẹ̀san. Pàṣípààrọ̀ wà o, pàápàá láàárín àjèjì àti àjèjì, ṣùgbọ́n kì í dá nìkan gbé ìlú ró.

Ẹ wo tiwa. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sin sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000, ẹrù orí alárùú kan. Oníbodè ń gba owó ibodè lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá yáwó lè fi ọmọ rẹ̀ tàbí ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, tí yóò máa ṣiṣẹ́ fún olówó títí wọn yóò fi san ojú owó. Iṣẹ́ yẹn ni èlé. Bí ajigbèsè bá kọ̀, wọ́n á rán ológò sí i. Ológò á jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà, á máa pariwo, á máa mú adìẹ ilé pa jẹ, títí ẹbí á fi tú owó jọ. Èésú tá à ń dá títí dòní wà níbẹ̀; William Bascom, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé lé e lórí ní 1952. Ìlú tó ní ológò, ṣé ìlú tí kò mowó nìyẹn?

Ti odò ńkọ́? Ẹyọ yìí kì í gbé inú omi dídùn, kò sì sí ní etíkun wa. Erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà ló ti ń wá. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Mòrókò, dé ibẹ̀ ní 1343, ó rí i bí wọ́n ṣe ń kó o. Nígbà tó dé ilẹ̀ Màlì ní 1352, ó tún bá a lọ́jà níbẹ̀. Ọkọ̀ òyìnbó kankan ò tíì dé etíkun wa nígbà náà. Nígbà tí wọ́n wá dé, àwọn ará Hólándì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń dà á sísàlẹ̀ ọkọ̀ kí ọkọ̀ má baà fì, wọ́n ń lu ú ní gbàǹjo ní Amsterdam àti Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn náà wọ́n á kó o wá sí Ouidah, ní ilẹ̀ Benin òní, àti etíkun wa. Èèyàn ni wọ́n ń fi rà. Láàárín 1700 sí 1800 nìkan, èyí tí wọ́n kó wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lé ní bílíọ̀nù mẹ́wàá ẹyọ. Ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ta ni yóò ra ẹyọ kan rẹ̀ ní mílíọ̀nù méjì?

Ẹ mú ọ̀kan nínú àpò yín, ẹ yí i sẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti gé ẹ̀yìn rẹ̀ tí ihò gbàgà wà níbẹ̀, okùn ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá rí èyí tí wọn ò gé, tí ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká bí òrùka, ti Zanzibar, erékùṣù kan ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, nìyẹn. Àwọn oníṣòwò Hamburg, ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í kó o wọlé láti nǹkan bí 1845, ó sì pọ̀ débi pé owó ẹyọ já wálẹ̀ pátápátá. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá fòfin de kíkó o wọlé ní 1904. Ní 1912 wọ́n dá àjọ tó ń ṣe owó ṣílè fún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Owó ẹyọ kú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, ìfowópamọ́ bàbá yín ni ẹ bá, kì í ṣe ẹrù awo. Mi ò jiyàn pé àwọn olórìṣà ń da ẹyọ mẹ́rìndínlógún; náírà náà ń wọ inú igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò ní kó má jẹ́ owó.

Mi ò rí àpò náà, nítorí náà mi ò lè díye lé e. Mi ò sì í ṣe lọ́yà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òfin ò gbà kí wọ́n kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ mùsíọ̀mù ìjọba àpapọ̀. Ẹ ya àwòrán àpò náà, ẹ kà wọ́n lójú gbogbo ẹbí kí ìjà má baà dé, ẹ má fọ̀ wọ́n, ẹ má sì já okùn tó bá ṣẹ́kù lára wọn. Ẹ gbé àwòrán náà lọ sí mùsíọ̀mù ìjọba ní Aleṣinlóyè, Ìbàdàn. Bí ẹ bá sì ti fún ọkùnrin yẹn lówó kí ìdáhùn yìí tó dé, ẹ mú nọ́ńbà rẹ̀ àti ẹ̀rí báǹkì lọ bá ọlọ́pàá lónìí.