Irú àwọn àjọ wo ló ń gbógun ti ebi lágbàáyé?

Oríṣiríṣi ni wọ́n, iṣẹ́ wọn kò sì jọra. Mẹ́ta lára èyí tó tóbi jù wà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ìlú Róòmù sì ni oríkò wọn wà. FAO (1945) ń gba àwọn ìjọba nímọ̀ràn lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, IFAD (1977) ń yáni lówó nítorí àwọn àgbẹ̀ kéékèèké, WFP (1961) ló ń kó oúnjẹ lọ síbi tí ogun tàbí ọ̀dá bá ti ṣọṣẹ́. Ó dùn mí pé ọrẹ àtinúwá nìkan ni WFP gbójú lé. Bí àwọn ìjọba bá dín owó kù, oúnjẹ ẹni tí ebi ń pa náà á dín kù.

Àwọn tí kì í ṣe ti ìjọba náà wà, bí Oxfam àti Action Against Hunger. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti dá Action Against Hunger sílẹ̀ ní 1979. Iṣẹ́ wọn lórí ọmọdé ló wú mi lórí jù. Òṣìṣẹ́ á fi tẹ́ẹ̀pù aláwọ̀ wọn apá ọmọ lókè. Bí apá ọmọ oṣù 6 sí 59 kò bá tó mìlímítà 115, ibi pupa lára tẹ́ẹ̀pù náà ló máa bọ́ sí, ìtọ́jú kíákíá ló sì kàn. Ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n po mọ́ mílíìkì, ṣúgà àti fítámì nínú ọ̀rá kékeré ni wọ́n sábà máa ń fún un. Kò gba omi, kò gba iná, ìyá rẹ̀ lè fún un nílé.

Àwọn kan tún wà tó ń gba oúnjẹ tí ṣọ́ọ̀bù ì bá dà nù, tí wọ́n ń pín in fún aláìní. Ìlú Phoenix ní Amẹ́ríkà ni irú èyí ti bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Àwọn olùwádìí CGIAR, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, ní tiwọn ń wá irúgbìn tó lè fara da ọ̀dá.