Kí ẹ tó fa ọlọ́pàá wọ àdúgbò torí táyà, ẹ kọ́kọ́ lọ kí onílé

Ẹ kú ìnáwó ilé tuntun, ẹ sì kú ìyà táyà. Ẹ ní láti Èkó lẹ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Adó-Èkìtì, pé ilé tí ẹ gbà ní apá Òkèyinmi kò ní géètì tí ọkọ̀ lè gbà wọlé, pé iwájú ilé kan tó kọjú sí tiyín lẹ ń gbé e sí, àti pé wọ́n ti ń jo atẹ́gùn táyà yín dànù lóru, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ lọ fi ẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ó pẹ́ tí ọkọ̀ tèmi náà fi sùn síta nínú ìlú yìí, ní Ìjìgbò, ní Ajílosùn, kí n tó kó lọ sí ọ̀nà Ìwòròkò, nítorí náà ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Ẹ má lọ bá ọlọ́pàá. Ó kéré tán, ẹ má tíì lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá mú ọlọ́pàá wọ àdúgbò torí táyà lẹ di àlejò títí ayé níbẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn yín nígbà tí wọ́n bá ń yọ bátìrì ọkọ̀ yín lóru.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá 1996 ni wọ́n yọ ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, tí Adó sì di olú-ìlú. Àmọ́ ilé Òkèyinmi, ti Ìjìgbò àti ti Òdò Adó ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ wọn, ta ló ní ọkọ̀? Ilẹ̀kùn iwájú kọjú sí títì gan-an, gọ́tà nìkan ló wà láàárín. Òṣìṣẹ́ ìjọba dé, akẹ́kọ̀ọ́ EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, àti ti Pólì dé, oníṣòwò dé, àwọn ọmọ onílé náà bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọkọ̀. Ilé kò sì sún sẹ́yìn fún ẹnikẹ́ni. Títì tí ọkọ̀ méjì kò lè pàdé lórí ẹ̀ kí ẹnì kan má dúró fún ẹnì kejì, òun ni típà oníyanrìn ń gbà, òun ni ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gbà, etí ẹ̀ náà sì ni ìyá àgbà kan fẹ́ sá láfún sí.

Ohun tí àlejò kì í tètè mọ̀ ni pé nínú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ẹnu ilé jẹ́ ti onílé. Ìjọba lè ní títì, òfin lè sọ ohun tó bá wù ú, ṣùgbọ́n ibi tí onílé ń gbá láràárọ̀, tó ń gbé àga sí nírọ̀lẹ́ kó lè rí ẹni tó ń kọjá kó sì dáhùn ìkíni, tirẹ̀ ni. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ dí ibẹ̀, ẹ ti mọ ògiri sí i lójú.

Ìyá kan wà ní Ìjìgbò nígbà tí mo ń gbébẹ̀, kì í bá èèyàn jà. Lákọ̀ọ́kọ́, ó gbé àpótí ìjókòó kan tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kán sí ibi tí àwọn èèyàn ń páàkì sí. Wọ́n gbé e kúrò, wọ́n páàkì. Ó gbé ògbólógbòó táyà síbẹ̀, ó ki igi bọ̀ ọ́ láàárín, ó so àkísà pupa mọ́ igi náà. Wọ́n yí táyà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n páàkì. Ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo rí ọ̀kan nínú wọn láti ojú fèrèsé láàárọ̀ ọjọ́ kan: ó lóṣòó ti táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, ó tú ìdérí fáàfù, ó ṣẹ́ igi ìgbálẹ̀ kan, ó tẹ̀ ẹ́ bọ ihò náà, ó wá jókòó jẹ́jẹ́ tì í, atẹ́gùn ń jáde ṣíììì, òun ń jẹ gúgúrú. Mo jáde sí i, kò tilẹ̀ sá. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà."

Inú bí mi, àmọ́ mo rí i pé kò sí ìkórìíra níbẹ̀. Wọ́n ń ránṣẹ́ sí mi ni. Ẹni tó bá kórìíra yín, ìṣó ni yóò fi ha ara ọkọ̀ yín láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kò ní jo atẹ́gùn tí fọkanáísà máa dá padà kí ẹ tó jẹun àárọ̀ tán. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ ìṣó tàbí gíláàsì fífọ́, ìyẹn lè kan ọlọ́pàá. Àní nígbà yẹn pàápàá, baálẹ̀ àdúgbò ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá.

Nítorí náà, ẹ lọ kí àwọn tó ni ilé tí ẹ ń gbé ọkọ̀ sí iwájú rẹ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, ẹ má dúró di ìrọ̀lẹ́ tí ó ti rẹ gbogbo èèyàn. Ẹ má mú onílé yín dání o. Ó lè jẹ́ pé òun àti wọn ti ń fa ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ kí wọ́n tó bí yín. Bí ọkùnrin bá ni yín, ẹ dọ̀bálẹ̀ kó jinlẹ̀, kì í ṣe títẹríba tí ẹ̀yin ará Èkó ń ṣe yẹn. Bí obìnrin bá ni yín, ẹ kúnlẹ̀. Ẹ sọ ilé tí ẹ kó sí, ẹ sọ iṣẹ́ yín, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n bi yín ní ìlú tí ẹ ti wá, torí wọn ò ní ṣàì bi yín. Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó kàn. Ẹ má tọrọ ibi tí ẹ ń gbé e sí tẹ́lẹ̀. Ẹ ní, "Mà, mo ń wá ibi tí ọkọ̀ mi lè máa sùn sí tí kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ibo lẹ rò pé ó dáa?" Ó ṣeé ṣe kí wọ́n nawọ́ sí ibẹ̀ náà gan-an, àmọ́ àwọn ló fún yín báyìí.

Kí ẹ tó kúrò, ẹ sọ aago tí ẹ máa ń jáde fún wọn. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín gàdàgbà sára páálí, kí ẹ fi sínú ọkọ̀ níwájú gíláàsì, kí ẹ má sì pa fóònù náà lóru. Bí aboyún bá fẹ́ rọbí ní ilé tí ọkọ̀ yín dí lójú ọ̀nà, ìpè kan ló máa yanjú ẹ̀. Mo ti rí ibi tí àwọn géńdé ti fi ọwọ́ gbé ìdí ọkọ̀ kékeré kan kúrò lọ́nà nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì bìkítà ibi tí wọ́n jù ú sí. Owó ńkọ́? Ẹ má mú un dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó má baà di háyà. Búrẹ́dì kan lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ti tó. Ọmọ tó ń jẹ gúgúrú yẹn kan náà ló padà wá ń sá wá pè mí bí mo bá gbàgbé gíláàsì ọkọ̀ ní ṣíṣí tí òjò ṣú.

Ọ̀rọ̀ òkè wá ńkọ́. Èkó tẹ́jú pẹrẹsẹ, ẹni tó bá ti ibẹ̀ wá kì í ro èyí rárá. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ ọ̀tòmátíìkì, ẹ má kàn ti jíà sí P kí ẹ bọ́ sílẹ̀. Irin kékeré kan ló ń há jíà ní P, tí gbogbo ìwúwo ọkọ̀ bá dùbúlẹ̀ lé e lórí òkè, ẹ máa gbọ́ "gbà!" bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́ láàárọ̀, lọ́jọ́ kan á sì kán. Ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ẹ ti jíà sí N, ẹ fa háńdì bíréèkì, ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò kí ọkọ̀ lè fara ti háńdì náà, ẹ tún tẹ bíréèkì, kí ẹ wá ti jíà sí P. Bí ó bá jẹ́ máńúà, jíà kìn-ín-ní bí imú ọkọ̀ bá kọjú sókè, rìfáàsì bí ó bá kọjú sísàlẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún là ń wà ní Nàìjíríà láti 1972, nítorí náà bí imú ọkọ̀ bá kọjú sísàlẹ̀, ẹ yí ṣíárí sí ọ̀tún, kí ó lè yà sí ẹ̀gbẹ́ títì bí ó bá já. Bí ó bá kọjú sókè níbi tí etí títì bá ti ga, òsì ni kí ẹ yí i sí, kí táyà iwájú lè fẹ̀yìn ti etí náà. Àdúgbò wa kì í sábà ní irú etí bẹ́ẹ̀. Ọ̀tún náà ni kí ẹ yí i sí. Bí ó bá já, inú gọ́tà ló máa fi ìdí wọ̀. Ẹ máa sunkún owó, ẹ ò ní sunkún èèyàn.

Ẹ fi òkúta há táyà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lọ láàárọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé òkúta yín kúrò lójú títì! Òun ló ń gbé ọlọ́kadà tí iná iwájú ẹ̀ kò ríran dáadáa ṣubú lálẹ́. Ẹni tó bá fi òkúta sílẹ̀ lọ, bí wọ́n bá jo táyà ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mi ò ní bá a kẹ́dùn.

Síláàbù orí gọ́tà náà ń tanni jẹ. Torí ẹsẹ̀ èèyàn ni ọ̀pọ̀ onílé ṣe dà á, irin inú ẹ̀ kò tó nǹkan. Kí ẹ tó gun un, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀: bí irin bá ti yọjú tó ń dípẹtà, ẹ yàgò. Tí òjò bá sì ti gbọ́nlẹ̀, ẹ má páàkì sí ẹsẹ̀ òkè. Àwọn tó ń gbé etí odò ní Ajílosùn lè sọ ohun tí àgbàrá ń ṣe fún yín.

Òkú tún wà. Àwọn ará Èkó ń rò pé àwọn nìkan ló ń dí títì fún ìnáwó! Níbí, láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni kánópì ti lè máa balẹ̀. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì bá mọ́ bá ọkọ̀ yín lẹ́yìn kánópì, ó di lẹ́yìn àsè. Ẹ máa ka pósítà òkú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri àdúgbò. Déètì wà lára ẹ̀, orúkọ ilé wà lára ẹ̀. Èmi kì í kọjá ọ̀kan láìkà á, ìyàwó mi sì rò pé mo fẹ́ràn òkú.

Ọkọ̀ tí kò rìn náà ń gba àyè. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tí owó epo sì ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn kan ti gbé ọkọ̀ wọn sílẹ̀ pátápátá. Ewúrẹ́ ń sùn sábẹ́ ẹ̀, èkúté ń jẹ wáyà ẹ̀. Bí tiyín bá máa dúró pẹ́, ẹ wá ibòmíràn gbé e sí. Inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé epo tó ní ọdẹ, tí ẹ bá bá wọn sọ ọ́ kó yé ara yín, wọ́n lè gba owó lóṣooṣù. Ní tèmi o, owó yẹn sàn ju kí èèyàn máa fi gbogbo alẹ́ yọjú lójú fèrèsé lọ.

Bí owó ilé yín bá sì pé, tí ẹ bá fẹ́ kó lọ, ẹ rántí pé ọ̀sán gangan ni ejẹ́ǹtì máa ń mú èèyàn wo ilé, nígbà tí gbogbo ọlọ́kọ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, tí títì sì ṣófo. Ẹ bá a lọ, ẹ dúpẹ́, ẹ má san nǹkan kan. Ẹ dá padà lọ ní aago mẹ́jọ alẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ yín, kí ẹ wá ibi tí ẹ máa gbé e sí.