Kọ̀ǹpútà fún iléèwé wa: iná ni kí ẹ kọ́kọ́ rà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ẹnjiníà. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ àwa tá a jáde ní iléèwé girama ìjọba kan ní Ẹ̀pẹ́ níbí. A ti dáwó jọ, àwọn ará wa tó wà lókè òkun náà fi tiwọn kún un. Ogún laptop la fẹ́ rà fún iléèwé wa, àmọ́ àwọn kan ń sọ pé yóò bàjẹ́ kí ọdún tó yí po. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú akitiyan, ẹ̀gbọ́n mi. Òótọ́ lẹ gbọ́, tó bá jẹ́ pé laptop nìkan lẹ rà.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé kí n máa to kọ̀ǹpútà sí iléèwé. Wọ́n pè mí lọ sí ọ̀kan létí ọ̀sà nígbà kan. Bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn, laptop mẹ́wàá ló tò sórí tábìlì, ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá láti ọjà ṣì wà lára rẹ̀. Wáyà iná ò dé yàrá yẹn rí. Bátìrì wọn ti kú síbẹ̀, ìpẹtà sì ti mú ojú ihò tí wọ́n ń ki ṣájà bọ̀. Ọmọ kan tó bá wa gbé àga wọlé bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé òní lẹ máa tàn án?” Ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Laptop kan ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 50, ogún rẹ̀ á jẹ 1,000. Bátìrì ìnfátà ńlá tó wà lọ́jà, 12V 220Ah ni wọ́n ń kọ sí i lára. 12 lọ́nà 220 jẹ́ 2,640, ìyẹn iye wáàtì tó lè gbé fún wákàtí kan. Ṣùgbọ́n a kì í lo bátìrì olómi kọjá ìdajì tá a bá fẹ́ kó pẹ́, nǹkan bíi 1,300 lẹ máa rí lò. Bátìrì kan ò ní gbé ogún laptop ju wákàtí kan lọ. Tó bá jẹ́ mẹ́wàá lẹ rà, bátìrì méjì á gbé wọn tó wákàtí mẹ́rin, kí páánẹ̀lì sólà sì máa fún un níná padà. Mẹ́wàá tó ń tàn tẹ́ mi lọ́rùn ju ogún tí wọ́n tì mọ́lé lọ.

Tòkunbọ̀ ò burú, àmọ́ ẹ ra irú kan náà, kí ṣájà ọ̀kan lè bá èkejì mu.

Ẹ má tíì sanwó íntánẹ́ẹ̀tì. Kiwix, ètò kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́, máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ ka Wikipedia, títí kan ti Yorùbá, láìsí dátà rárá, tí ẹ bá ti kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀ sórí laptop.

Ní ti ìwé, ìjọba ló ni iléèwé náà. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Education District III, ọ́fíìsì ìjọba Èkó tó ń bójú tó àwọn iléèwé girama, abẹ́ wọn ni Ẹ̀pẹ́ wà. (Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ì bá jẹ́, LASUBEB, àjọ tó ń bójú tó iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ni.) Ẹ sanwó fún ẹni tó ń tajà tààrà, ẹ má gbé owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kí ẹni méjì sì máa buwọ́ lùwé kí owó tó jáde ní báǹkì. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fà á lé wọn lọ́wọ́, kí nọ́ńbà ẹ̀yìn laptop kọ̀ọ̀kan wọ ìwé ẹrù iléèwé lójú SBMC, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń bá iléèwé ṣàkóso. Ẹ jẹ́ kí tíṣà mẹ́ta kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, torí ìjọba lè gbé tíṣà kan lọ síbòmíì lọ́la. Tèmi ni pé kí ẹ ya náírà kan sọ́tọ̀ nínú márùn-ún fún àtúnṣe.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ lọ jókòó nínú yàrá tí wọ́n fẹ́ lò lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀. Ẹ wo òrùlé, ẹ wo irin ojú fèrèsé, kí ẹ wá kọ ohun tẹ́ ẹ rí ránṣẹ́ sí mi.